jdb kò rí variable mi: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí, níbí ní Àkúrẹ́. Mo fi Java kọ ètò kan tó ń ṣírò owó fún ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Kílò 1850 ni mo fún un, owó tọ́ọ̀nù kan péré ló gbé jáde. Kọ̀ǹpútà mi kò lè gbé IDE (ètò ńlá tí a fi ń kọ kóòdù), jdb, irinṣẹ́ Java tí a fi ń wá àṣìṣe inú ètò, ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti tẹ locals kí n lè rí iye tó wà nínú àwọn variable (orúkọ tí a fi ń pa iye mọ́), á ní òun kò mọ variable kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, kú iṣẹ́. Jdb kọ́ ló jẹ̀bi. Tí o bá kàn tẹ javac OwoKoko.java, nọ́ńbà ìlà àti orúkọ fáìlì kóòdù rẹ nìkan ló ń bá kóòdù rẹ wọ inú bytecode, ìyẹn ohun tí javac ń yí kóòdù rẹ sí. Orúkọ àwọn variable inú method (apá ètò tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) kì í bá wọn wọlé, torí pé JVM, ẹ̀rọ Java tó ń mú bytecode ṣiṣẹ́, kò nílò rẹ̀. Nọ́ńbà àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ló fi ń dá wọn mọ̀. Tẹ javac -g OwoKoko.java, orúkọ wọn á wọlé. Tí o bá fẹ́ rí i fúnra rẹ, tẹ javap -l OwoKoko, wàá bá LocalVariableTable, àtẹ orúkọ àwọn variable náà, níbẹ̀.

Ó yá, tẹ jdb OwoKoko. Má tíì tẹ run. Kọ́kọ́ tẹ stop in OwoKoko.siro kí ètò náà lè dúró tó bá dé ibẹ̀, ìyẹn tó bá jẹ́ pé siro lorúkọ method tó ń ṣírò owó náà. Jdb á dáhùn pé òun sún àṣẹ náà síwájú di ìgbà tí class OwoKoko bá wọlé. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Wàyí o, tẹ run.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé: ìlà tí jdb bá dúró sí, tó sì fi hàn ọ́, kò tíì ṣiṣẹ́. Tí o bá tẹ locals lójú ẹsẹ̀, kilo nìkan ni wàá rí. Tẹ next kí ìlà náà kọjá, kí o tó tún tẹ locals. Tí ìlà ọ̀hún bá jẹ́ int ton = kilo / 1000, wàá rí i kedere: kilo = 1850, ton = 1. Tí int bá pín int, Java á ju ìyókù nù. Kílò 850 tí àgbẹ̀ ru wá láti oko ló ṣòfò síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ owó ẹlòmíràn kì í sì í ṣe ohun tí a ń fojú fo. Kọ ọ́ báyìí: double ton = kilo / 1000.0.

Má lo step níbi tí next ti tó. Step á wọ inú àwọn method tìrẹ tí ìlà náà bá pè. Tó bá gbé ọ wọ ibi tí o kò fẹ́, step up á mú ọ jáde. Where á sì sọ ibi tí o wà àti ẹni tó pè ọ́ débẹ̀.

Tí o bá ti tún kóòdù náà ṣe, tẹ exit, tún fi javac -g kọ class náà, kí o tó ṣí jdb mìíràn. Class àtijọ́ ni èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ gbé dání.