Gilo: àdúgbò ni àbí ibùdó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí àwọn olóòtú míì bá ń yí gbólóhùn àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ yín lórí Gilo padà léraléra, torí àríyànjiyàn bóyá àdúgbò Jerúsálẹ́mù ni àbí ibùdó (ibi tí Ísírẹ́lì kọ́ ilé sí fáwọn èèyàn rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó gbà lógun), ẹ fi ibi tí Gilo wà bẹ̀rẹ̀: gúúsù Jerúsálẹ́mù, lórí ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì gbà lọ́wọ́ Jọ́dánì nínú ogun 1967. Ìyẹn ò níyàn nínú.

Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù ru ẹrù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ísírẹ́lì kà á sí àdúgbò kan nínú ìlú náà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kà á sí ibùdó tó lòdì sí òfin àgbáyé. Ẹ má kọ "àwọn kan gbà pé." Ta ni àwọn kan? Ẹ lè dárúkọ ìpinnu 478 ti Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (1980), tó ní òfin tí Ísírẹ́lì ṣe láti fi gbogbo Jerúsálẹ́mù ṣe olú ìlú rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Tẹ́ ẹ bá dé orí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti ilé ìwé nínú àpilẹ̀kọ náà, ẹ jẹ́ kí ìjà sinmi.

Ohun tí wọ́n ń pè ní Ìlà-Oòrùn Jerúsálẹ́mù, ìyẹn apá ìlú tí Ísírẹ́lì gbà ní 1967, nìkan ni ọ̀nà ìkọ̀wé yìí bá mu (Gilo wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gúúsù ló wà). Rehavia, ní ìwọ̀-oòrùn, àdúgbò lásán ni. Ma'ale Adumim, ibùdó Ísírẹ́lì tó wà lẹ́yìn ìlú náà ní ìlà-oòrùn, ńkọ́? Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ ò kà á mọ́ ìlú Jerúsálẹ́mù, nítorí náà ẹ má pè é ní àdúgbò rẹ̀ rárá.