Èsì: Ìwé àṣẹ "dókítà ẹsẹ̀" tó ti Amẹ́ríkà dé

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní ìwé àṣẹ Texas ni "dókítà ẹsẹ̀" yẹn gbé kọ́ sára ògiri ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣé ó tó fún un láti fọwọ́ kan egbò àtọ̀gbẹ? Kò tó.

Lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn oníṣègùn ẹsẹ̀ níwèé àṣẹ, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ti Texas wà lọ́wọ́ Texas Department of Licensing and Regulation láti 2017. California ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ìwé Texas ò ṣiṣẹ́ ní California, ká má tiẹ̀ wá sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́.

1. Ẹ gba nọ́ńbà ìwé náà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì àjọ Texas yẹn. Ọ̀fẹ́ ni.
2. Bó bá pe ara rẹ̀ ní dókítà níbí, ẹ ní kó mú ìwé àṣẹ MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, tọdún yìí wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà. Bó bá ní físíò lòun, ti MRTB, àjọ tó ń fún àwọn físíò níwèé àṣẹ, ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ má wo férémù. Ẹnì kan fi irú ẹ̀ hàn mí rí, ó ń dán gbinrin; mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, àsìkò ìwé náà ti parí láti ọdún mẹ́ta. Bíléèdì kan ṣoṣo ló sì fi ń ha gìgísẹ̀ gbogbo èèyàn!

Àmọ́ bí egbò náà bá ti ń rùn, tàbí tí ìka ti ń dúdú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ ná. Ẹ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen lónìí.