Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Ní Fáàfù: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àtìgbà yìí. Mò ń kọ́ bàálù RV-7 fúnra mi ní pápákọ̀ kékeré kan nítòsí Houston. Ẹ́ńjìnnì Mazda 13B tí mo yọ lára mọ́tò RX-7 àlòkù ni mo gbé sí i. Gíà tó ń dín eré rẹ̀ kù fún abẹ̀bẹ̀ jẹ́ 2.17 sí 1. Ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ tan án, gbogbo ajá àdúgbò ló gbó, ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìn odi sì sáré jáde wá wo ohun tó bú gbàmù. Mo ra sàlẹ́ńsà mọ́tò tí wọ́n fi òwú gíláàsì kún inú rẹ̀. Kò lò ju wákàtí 6 lọ tó fi pọ̀ gbogbo òwú náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ pé páìpù ẹ̀gbẹ́ tí a dí ní ìdí lè pa ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo ṣírò rẹ̀, mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 43, mo jó o mọ́ páìpù èéfín. Kò yí nǹkan kan padà. Níbo ni mo ti ṣì í? Ọmọ Ìjẹ̀bú, Texas.*

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o kú iṣẹ́, o sì kú ìnáwó. Ìṣírò rẹ kò burú. Afẹ́fẹ́ tí o fi ṣe é ló tutù jù.

Jẹ́ ká jọ tún un ṣe. Bí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rótọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin onígun mẹ́ta tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì yìí dípò písítìnì, ń yìn lẹ́ẹ̀kan fún ìyípo ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, méjì sì ni rótọ̀ 13B. Ìlù 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Títí débí, o gbà á. O wá mú eré ohùn ní mítà 340, o fi 200 pín in, o rí mítà 1.7, o mú ìdá mẹ́rin rẹ̀, o sì gé sẹ̀ǹtímítà 43. Ṣùgbọ́n mítà 340 yẹn, eré ohùn lójúde ilé rẹ ni. Nínú páìpù èéfín, níbi tí gáàsì ti gbóná tó 800°C, ohùn ń sá tó mítà 650 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá mẹ́rin ìgbì rẹ̀ ń lọ sí sẹ̀ǹtímítà 81. Ẹni tó ń fun kàkàkí mọ̀ pé gígùn rẹ̀ ló ń sọ irú ohùn tí yóò mú jáde. Ìwọ gé kàkàkí rẹ ní ààbọ̀.

Má tíì sáré lọ gé 81 o. Gáàsì inú páìpù ẹ̀gbẹ́ kì í ṣàn, ó kàn dúró síbẹ̀ ni, nítorí náà ó máa ń tutù ju ti ojú ọ̀nà lọ. Gígùn tó bá a mu yóò bọ́ sáàárín méjèèjì, kò sì sí ìwé tó lè sọ ọ́ fún ọ ṣáájú. Bẹ̀rẹ̀ láti 80, tan ẹ́ńjìnnì, fetí sí i ní eré tí o máa fi ń rìnrìn àjò, kí o wá máa gé e ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. Láti gígùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí irin tí a ti gé kì í hù padà.

Páìpù ẹ̀gbẹ́ yẹn, ohùn kan ṣoṣo ló ń pa, ìyẹn ohùn kíkùn tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ohun tó gbé ìyá yẹn jáde nílé kọ́ nìyẹn. Èyí tó ń dún bí ẹgba ló gbé e jáde, ibi mìíràn ni ìyẹn sì ti wá. Nínú ẹ́ńjìnnì písítìnì, fáàfù máa ń gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn níbi tí ọmọ jòjòló ń sùn sí. Rótọ̀ kò ní fáàfù. Igun rẹ̀ kàn ń gba iwájú ihò èéfín kọjá ni, ihò á ṣí lójijì, gáàsì tí agbára ṣì kún inú rẹ̀ á bú jáde. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá nígbà ọmọdé, tí a óò wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Òun náà nìyẹn, ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí mọ́tò Mazda 787B gba ìdíje eré mọ́tò Le Mans ní 1991 pẹ̀lú rótọ̀ mẹ́rin, orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò ó, mo sì ní láti dín ohùn tẹlifíṣọ̀n náà kù.

Àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì RX-8 sí bàálù, tí ihò èéfín tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, máa ń sọ pé tiwọn rọ̀ létí díẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n má torí ìyẹn ta èyí tí o ní.

Ọ̀rọ̀ ooru ló kàn, òun gan-an ló sì jẹ òwú rẹ. Gáàsì tó ń jáde lára rótọ̀ lè kọjá 900°C. Kò sí sàlẹ́ńsà mọ́tò tí wọ́n ṣe fún un pé kó máa mu irú iná bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko láìsí ìsinmi, torí mọ́tò kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ rìn. Bàálù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà kọ́ ọ lọ́nà tó le. Ní Florida níbí, mo bá ọ̀rẹ́ mi kan ṣe sàlẹ́ńsà fún bàálù rẹ̀, èyí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Irin lásán ni mo fi ṣe é, mo sì to ògiri mẹ́ta sínú rẹ̀ kí èéfín lè máa yà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó dákẹ́ dáadáa! Mo ń yangàn. Ní wákàtí kọkànlá, nígbà tí a ṣì ń dán an wò lórí ilẹ̀, ògiri kan já, ó gba ẹnu páìpù jáde, ó sì bu abẹ̀bẹ̀ jẹ, ojú ibẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Abẹ̀bẹ̀ onígi ni, ọ̀rẹ́ mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti ìwọ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ wà níwájú lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ògiri tó bá já lè yíra padà kó dí ẹnu páìpù, ẹ́ńjìnnì á sì kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní òfurufú.

Nítorí náà, má fi ohunkóhun dábùú ọ̀nà èéfín. Páìpù kan ni kó gba inú sàlẹ́ńsà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o lu ihò sí i lára bí asẹ́, kí àgbá tó yí i ká sì ṣófo, láìsí òwú kankan. Bí àgbá yẹn bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe gba ìbúgbàù yẹn mọ́ra tó. Èyí tí mo ń lò báyìí gba lítà 13, ìlọ́po mẹ́wàá ẹ́ńjìnnì náà. Stainless 321 ni kí o fi ṣe é. Bí owó bá wà, fi Inconel, irin tó ń fara da ooru, ṣe ibi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì jù lọ. Rántí pé irin ń gùn bó bá gbóná: mítà kan stainless tó bá gba 800°C yóò fi bíi mílímítà 14 sí 16 gùn sí i. Bí o bá de ìdí àti orí rẹ̀ pinpin, yóò wá ibi tí yóò ti là. Fi oríkèé tó ń yọ̀ wọra sí i, kí o sì fi ohun ìdè tó lè mì díẹ̀ so ó mọ́ra. Má jẹ́ kó sún mọ́ páìpù epo.

Ẹlòmíràn á ní kí o kúkú fi tọ́bò sí i, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti fi ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, pé tọ́bò á fọ́ ìlù yẹn sí wẹ́wẹ́. Kò purọ́, mo ti gbọ́ ọ létí mi. Àmọ́ bí síìlì orí igun rótọ̀ bá kán, inú tọ́bò ló ń lọ tààrà, wàhálà kan á sì di méjì. Fún bàálù àkọ́kọ́, èmi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí o bá jó o tán, so bàálù mọ́lẹ̀, fi gbogbo agbára sí i, ka eré ẹ́ńjìnnì. Yọ sàlẹ́ńsà, fi nǹkan dí etí rẹ, tún un kà. Bí sàlẹ́ńsà bá mú un wálẹ̀ láti 5,400 sí 5,300, má rò pé 100 kò tó nǹkan. Lórí abẹ̀bẹ̀ tí kì í yí ojú padà, agbára tó ti lọ yẹn lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú ogún. Ìwọ lo máa sọ bóyá ìyá ẹ̀yìn odi tó bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ó tó.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá dákẹ́, wàá gbọ́ abẹ̀bẹ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, Lockheed ṣe bàálù kan tí wọ́n ń pè ní Q-Star, tí ẹ́ńjìnnì Wankel, ìyẹn ẹ́ńjìnnì rótọ̀, ti Curtiss-Wright wà nínú rẹ̀, láti fi wá bí ológun yóò ṣe máa yọ́ fò lórí ọ̀tá lóru ní Vietnam. Sàlẹ́ńsà nìkan kò tó wọn. Wọ́n ní láti mú kí abẹ̀bẹ̀ náà máa yí lọ́ra. Gíà tìrẹ, bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní 6,000, á máa yí abẹ̀bẹ̀ ní nǹkan bí 2,765. Bí abẹ̀bẹ̀ rẹ bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 188, ṣóńṣó rẹ̀ ń sá mítà 272 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ti ń sún mọ́ eré ohùn. Gíà 2.85 á mú un wá sí 207. Mi ò ní kí o lọ ra gíà tuntun lónìí. Gbàrà tí o bá ti gòkè dáadáa, fa agbára sẹ́yìn díẹ̀ kí o tó kọjá lórí ilé àwọn ènìyàn.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí náà ni èyí tó ń yí nínú bàálù Ogun Àgbáyé Kìíní? Orúkọ kan náà, "rotary", ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀.*

Rárá o. Orúkọ ló jọra. Nínú èyí tí ò ń sọ, irú Gnome tí àwọn ọmọ ìyá Seguin ṣe ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n kan ọ̀pá mọ́ ara bàálù ni, gbogbo sílíńdà sì ń bá abẹ̀bẹ̀ yí. Epo làrà ni wọ́n fi ń pa ara rẹ̀, á sì máa ta sí awakọ̀ lójú. Wọn kì í bá sàlẹ́ńsà ṣeré: ibo lo fẹ́ so ó mọ́ lára ohun tó ń pòòyì? Ti Felix Wankel, NSU ní Jámánì ló kọ́kọ́ tan án, ní 1957. Nínú ẹ́ńjìnnì Mazda, àgbá dúró sójú kan, rótọ̀ onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ìdá mẹ́ta eré ọ̀pá péré ló sì ń sá.

*Bàbá, ẹ̀yin lẹ bá mi dá sí i. Ọkọ mi ń kọ́ bàálù tó ní irú ẹ́ńjìnnì yìí. Òtútù ibí kì í ṣe kékeré, ó sì ní òun fẹ́ fi páànù yí sàlẹ́ńsà ká kí ooru rẹ̀ máa wọlé wá bá wa. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìyá Ìbejì, Minnesota.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọkàn yín kò tàn yín. Bí sàlẹ́ńsà bá là bí irun orí lábẹ́ páànù yẹn, carbon monoxide, èéfín tí kò ní òórùn, ló máa bá ooru wọlé, èyí tó ń pa èèyàn lójú oorun. Sàlẹ́ńsà rótọ̀ sì máa ń là. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọkọ yín lára, ẹ ní kó lọ yọ hítà kékeré lára Mazda àlòkù, kó gba omi gbígbóná gba inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti mọ́tò. Kó tún ra ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín yẹn bá wọlé, kó gbé e síwájú níbi tí ojú rẹ̀ á máa tó o, kó má fi sábẹ́ àga. Bó bá jiyàn, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́ títí á fi ṣe é.