Ẹ Bi Wá: Ta Ló Pa Ààlà Ilẹ̀ Mongol?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo rí orílẹ̀-èdè kan nínú àwòrán ayé tí ń jẹ́ Mòngólíà, mo sì tún rí ẹkùn ńlá kan nínú ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Mòngólíà Inú. Ṣé ènìyàn kan náà ni wọ́n? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló yà wọ́n? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ènìyàn kan náà ni wọ́n: èdè wọn kò jìnnà síra, ẹ̀sìn Búdà ti Tibet ni àwọn baba ńlá wọn jọ gbà, Chinggis Khan ni gbogbo wọn sì ń bu ọlá fún. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wọ́n ni pé wọn kò tẹrí ba nígbà kan náà fún ọba àwọn Manchu, ẹ̀yà àríwá ìlà-oòrùn tí ó wá jọba lórí Ṣáínà. Lẹ́yìn tí Ligdan, ọba Chahar (ẹ̀yà Mongol kan ní gúúsù), kú ní 1634, kò sí ẹni tí ó lè kó àwọn ìjòyè gúúsù, ìyẹn ilẹ̀ tí ó di Mòngólíà Inú, jọ mọ́, wọ́n sì gba Hong Taiji, ọba Manchu, ní olúwa wọn ní 1636. Kí àwọn Manchu tó gba Beijing ní 1644, àwọn Mongol gúúsù ti ń bá wọn jagun, wọ́n sì ti ń bá wọn dá àna. Àwọn Khalkha ti àríwá, tí ilẹ̀ wọn di orílẹ̀-èdè Mòngólíà, kò tẹrí ba títí di 1691, nígbà tí ogun Galdan, ọba àwọn Mongol ìwọ̀-oòrùn, ti lé wọn kúrò nílé.

Ọ̀nà tí àwọn Manchu gbà ṣàkóso gúúsù ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e wà. Wọn kò fi gómìnà Ṣáínà jẹ lé àwọn Mongol lórí. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn kéékèèké 49 tí wọ́n ń pè ní hoshuu, wọ́n fi ọmọ ọba Mongol kan, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ jasagh, ṣe olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó gbogbo hoshuu náà jọ sí àjọ 6, lábẹ́ iléeṣẹ́ ọba kan ní Beijing tí ń jẹ́ Lifan Yuan. Oyè jasagh ń ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ó ń dájọ́, ó ń gba owó orí, ọba sì ń fún un ní fàdákà àti aṣọ ṣẹ́dà. Ṣùgbọ́n ààlà ni wọ́n fi mú un. Darandaran tí ó bá da ẹran kọjá ààlà hoshuu rẹ̀ láìgba àṣẹ yóò fi ẹran san ìtanràn, nítorí náà àwọn tí baba ńlá wọn ń ṣí láti pápá dé pápá di ẹni tí a so mọ́ ojú kan, kò sì sí ọmọ ọba tí ó lè kó ogun jọ bí i ti Ligdan mọ́. Ti Chahar tilẹ̀ le jù: nígbà tí Burni, ọmọ-ọmọ Ligdan, ṣọ̀tẹ̀ ní 1675, wọ́n pa á, wọ́n sì fi ilẹ̀ náà sábẹ́ àwọn ìjòyè tí ọba fúnra rẹ̀ ń yàn.

Òfin àwọn Manchu kò fẹ́ kí àgbẹ̀ Ṣáínà lọ tẹ̀ dó sí ilẹ̀ Mongol. Ebi àti ọ̀gbẹlẹ̀ ní Shanxi, Shaanxi, Hebei àti Shandong kò jẹ́ kí òfin náà múlẹ̀, àwọn ọmọ ọba tí wọ́n jẹ oníṣòwò ní gbèsè náà sì ń fi ilẹ̀ háyà fún àgbẹ̀. Báyìí ni ìjọba méjì ṣe wà lórí ilẹ̀ kan: Mongol ń lọ sọ́dọ̀ jasagh rẹ̀, àgbẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ alákòóso tí àwọn ìpínlẹ̀ Ṣáínà tí ó wà nítòsí yàn. Bí ẹran Mongol bá jẹ ọkà àgbẹ̀, ìhà méjèèjì ní láti jókòó pọ̀ kí wọ́n tó lè dá ẹjọ́ náà.

Ní 1901, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ́gun Ṣáínà bu ìtanràn tí ó tó ìwọ̀n fàdákà mílíọ̀nù 450 lé e lórí. Ìjọba ń wá owó lójú méjèèjì, ní 1902 ó sì rán ìjòyè kan tí ń jẹ́ Yigu lọ láti ṣí ilẹ̀ ìjẹko sílẹ̀ fún títà. Ní tèmi, ọdún yìí wúwo nínú ìtàn náà ju 1911 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ, nítorí pé láti ìgbà náà ni ìjọba tí ó ń dáàbò bo pápá Mongol ti di ẹni tí ń tà á. Nígbà tí Khalkha kéde òmìnira ní oṣù Kejìlá 1911, ọ̀pọ̀ ìjòyè gúúsù fẹ́ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ṣáínà ti pọ̀ ju Mongol lọ láàárín wọn, ọkọ̀ ojú irin ti dé Zhangjiakou láti 1909, Rọ́ṣíà tí ó ti Khalkha lẹ́yìn kò sì fẹ́ na ọwọ́ rẹ̀ dé gúúsù. Àdéhùn Kyakhta tí Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Mòngólíà jọ ṣe ní 1915 fìdí ìpínyà náà múlẹ̀.

Àwọn tí ó gbàjọba Ṣáínà lẹ́yìn àwọn Manchu kàn ń gé ilẹ̀ ni. Ní 1914, wọ́n pín èyí tí ó pọ̀ jù nínú gúúsù sí Rehe, Chahar àti Suiyuan. Ní 1928, Kuomintang, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ṣàkóso Ṣáínà nígbà náà, sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìpínlẹ̀ bí ìpínlẹ̀ Ṣáínà yòókù. Mongol kan tí ń jẹ́ Gada Meiren gbé ohun ìjà ní 1929 nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà, wọ́n sì pa á ní 1931. Ọmọ ọba Demchugdongrub ní tirẹ̀ béèrè pé kí Mongol máa ṣàkóso ara rẹ̀, ó rí ìgbìmọ̀ kan gbà ní Bailingmiao ní 1934, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò lówó, kò sì lágbára, ọmọ ọba náà sì yíjú sí Jàpáánì. Ó dùn mí pé ẹni tí ó rí ìṣòro àwọn ènìyàn rẹ̀ kedere bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ ire fún wọn. Ìjọba tí Jàpáánì gbé kalẹ̀ fún un ní Zhangjiakou wó pẹ̀lú Jàpáánì ní 1945.

ÌBÉÈRÈ: Ta ló ń ṣàkóso Mòngólíà Inú lónìí, ṣé lóòótọ́ ni agbára wà lọ́wọ́ àwọn Mongol? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 1947, ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó kéde orílẹ̀-èdè Ṣáínà òde òní, ni Ulanhu, Mongol láti Tumed tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísítì, dá ìjọba ẹkùn náà sílẹ̀. Wọ́n fi Suiyuan kún un ní 1954, Hohhot di olú-ìlú, wọ́n sì tún fi apá kan Rehe kún un lẹ́yìn tí wọ́n tú ìpínlẹ̀ náà ká ní 1955. Ìṣọ̀kan náà mú ilẹ̀ Mongol padà sábẹ́ orúkọ kan, ó sì kó mílíọ̀nù àwọn Ṣáínà wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Nínú nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 24 tí wọ́n kà ní 2020, Mongol kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 4 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni iye yìí ju gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè Mòngólíà lọ.

Òfin 1984 ní kí alága ìjọba ẹkùn náà jẹ́ Mongol, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ Kọ́múnísítì ló ju alága lọ, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ Ulanhu ní 1966 ni ipò náà ti bọ́ lọ́wọ́ Mongol. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fi ẹ̀sùn ẹgbẹ́ òkùnkùn kan mú Mongol káàkiri. Ìjọba fúnra rẹ̀ gbà lẹ́yìn náà pé ènìyàn 16,222 kú. Ní 1969, wọ́n gé ẹkùn náà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká, wọn kò sì dá a padà títí di 1979. Hoshuu ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn àjọ, 3 péré ni kò tí ì di ìlú ńlá ní ìwé ìjọba: Hinggan, Xilingol àti Alxa.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èdè Mongol ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbẹ̀? (Òǹkàwé kan náà)

ÌDÁHÙN: Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìwé Mongol wà tí ó ń fi èdè náà kọ́ni ní gbogbo iṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, ìṣèlú àti ìtàn di ti èdè Ṣáínà, àwọn òbí sì fi ọmọ wọn sílé láti fi ìbínú hàn. Ìwé kíkọ Mongol àtijọ́, èyí tí wọ́n ń kọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ṣì wà lára owó Ṣáínà. Àwọn ará Mòngólíà pa á tì ní àwọn ọdún 1940, wọ́n gba lẹ́tà Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n òfin wọn ti ní kí ìwé ìjọba máa jáde ní oríṣi méjèèjì láti 2025.