Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Báwo Ni A Ṣe Ń Ka Ìròyìn Olóṣèlú Àdúgbò Lórí Ojú Ọjọ́ àti Àyíká?

Ohun kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ fún ẹ̀dà yìí dá lé: ìròyìn tí àwọn aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa ń gbé jáde nípa ohun tí wọ́n ti ṣe lórí àyípadà ojú ọjọ́ àti ìtọ́jú àyíká. A yan díẹ̀ nínú wọn, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Káńsẹ́lọ̀ wa fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Ó ní ìgbìmọ̀ ti kéde pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti di pàjáwìrì, pé wọ́n ti gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi, pé wọ́n sì ti pààrọ̀ gílóòbù iná òpópónà. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, n kò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ gidi nínú rẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn: Ohun mẹ́ta tí aṣojú yín tò pọ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìkéde. Ìjọba ìbílẹ̀ Darebin ní Australia ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn ìjọba tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé láti ìgbà náà sì ti lé ní 2,000. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí ìkéde fúnra rẹ̀ dín èéfín ẹyọ ọkọ̀ kan kù. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wá lẹ́yìn ìkéde ni owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, àti ìlànà tí wọ́n yí padà nítorí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí lásán ni.

Gílóòbù òpópónà, tí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú jù nínú ìwé ìròyìn náà, ni èmi gbà pé ó lágbára jù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ni iná òpópónà, ìwé owó iná sì máa ń wọlé lóṣooṣù, nítorí náà kò sí ibi tí irọ́ lè sá pamọ́ sí. Nígbà tí ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ nǹkan bí 140,000 iná òpópónà rẹ̀ sí gílóòbù LED, irú tí kì í jẹ iná púpọ̀, láti ọdún 2009, iná mànàmáná tí àwọn gílóòbù náà ń jẹ dín kù ní ohun tó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú yín pé èló ni owó iná òpópónà jẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn, èló ni ó sì jẹ́ nísinsìnyí. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́, ìdáhùn kò ní pẹ́ kó tó dé. Ní ti igi, òǹkàwé mìíràn ti wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fínnífínní, ìbéèrè rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Olóṣèlú tiwa kì í jẹ́ kí ọdún kan kọjá láìgbin igi níwájú kámẹ́rà. Ibi tí ó gbin ti èṣí sí ti di pápá gbígbẹ. Ṣé igi gbígbìn yìí tilẹ̀ ń ṣe ojú ọjọ́ láǹfààní, àbí fọ́tò nìkan ni?

Ìdáhùn: Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn fọ́tò olóṣèlú tó wọ aṣọ òde tó sì di ṣọ́bìrì mú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí fọ́tò náà mú yín kórìíra igi. Iṣẹ́ tí igi lè ṣe fún ojú ọjọ́ gbogbo ayé yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ó lè ṣe fún àdúgbò tí ó wà, àwọn tó ń kọ ìròyìn sì fẹ́ràn láti da méjèèjì pọ̀.

Ìṣirò ti àkọ́kọ́ kò le. Igi tó ti dàgbà lè fa nǹkan bí kílógíráàmù 20 carbon dioxide, afẹ́fẹ́ inú èéfín tó ń mú ayé gbóná, mọ́ra láàárín ọdún kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú igi náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti omi tó ń rí mu máa ń yí iye náà padà gan-an. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí a bá jó máa ń tú nǹkan bí kílógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ kan náà jáde. Èyí já sí pé ohun tí igi ńlá kan fi odidi ọdún fà mọ́ra kò fi bẹ́ẹ̀ ju èéfín lítà epo mẹ́sàn-án lọ, igi kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò sì tíì lè sún mọ́ èyí rárá. Nítorí náà, bí aṣojú kan bá kọ ọ́ pé igi tí òun gbìn ti pa èéfín àwọn ọkọ̀ ìjọba rẹ́, ẹ ní kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú yín.

Nínú iṣẹ́ kejì ni igi ti ń gba ògo rẹ̀. Ní ìlú Medellín ní Kòlóńbíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi àti ewéko lẹ́bàá òpópónà àti ipadò ní ọdún 2016, títí tí wọ́n fi ní ọ̀nà eléwéko 30, ìjọba ìlú náà sì ròyìn pé ooru ibẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n 2 Celsius dín kù. Ní Freetown, olú ìlú Sierra Leone, òkè ya lulẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 lẹ́yìn òjò àrọ̀ìrọ̀dá, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ sì lé ní 1,000. Gígé tí wọ́n ti gé igi orí àwọn òkè ibẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀ náà tú. Nígbà tí olórí ìlú náà, Yvonne Aki-Sawyerr, bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbin mílíọ̀nù igi kan, wọ́n gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí a ó fi lè máa tọpasẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan: àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ń sanwó fún láti bójú tó igi náà, wọn a fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ àti ibi tí ó wà, wọn a sì padà lọ wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá ilé lọ nínú ti Freetown ni pé iye méjì ni ó yẹ kí ó wà nínú ìròyìn igi, iye tí a gbìn àti iye tó yè lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Aṣojú tó ń ka iye tí ó gbìn nìkan dà bí ẹni tó ń ka owó tó mú lọ sọ́jà fún yín láìfi ẹrù tó rà hàn.

Ìbéèrè: Ìwé ìròyìn ti agbègbè wa sọ pé èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ ti dín kù gan-an “lábẹ́ ìṣàkóso wa”. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àwọn ni wọ́n dín in kù lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo èéfín ẹni tí wọ́n ń sọ. Èyí tó ń jáde láti inú ọ́fíìsì àti ọkọ̀ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń jáde ní gbogbo agbègbè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ojú ọjọ́ sọ ní ọdún 2020 pé ìdá 2 sí 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún èéfín agbègbè kan ni ó ń ti ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n pé agbára àti ipa rẹ̀ lè dé orí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀, nípasẹ̀ ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ètò ìrìnnà, kíkó ìdọ̀tí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Olóṣèlú tó gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè dín ti ọ́fíìsì rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé ti gbogbo ìlú ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á àti ọdún tí wọ́n parí rẹ̀ sí. Lọ́dún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, carbon dioxide tí epo, gáàsì àti èédú ń tú jáde ní gbogbo ayé dín kù ní nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ètò ẹnikẹ́ni tó fà á. Ọkọ̀ òfuurufú kò fò, àwọn ènìyàn sì jókòó sílé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2021, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti padà. Ìròyìn tó bá parí ìṣirò rẹ̀ sí ọdún 2020 ń fi ọ̀fọ̀ ṣe àjọyọ̀.

Ó tún ku iṣẹ́ ẹlòmíràn tí olóṣèlú máa ń gbà ṣe tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi èédú pèsè iná ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí èyí tó kẹ́yìn, Ratcliffe-on-Soar, fi dẹ́kun iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Bí èéfín tó ń ti ibi ìpèsè iná gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ṣe ń dín kù, èéfín gbogbo ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ń dín kù lórí ìwé, títí kan ti ìgbìmọ̀ tí kò yí ẹyọ gílóòbù kan padà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ aṣojú yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ní kí ó ya ohun tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ṣe.

Ìbéèrè: Ẹ foríjì mí, èmi kò rí ohun tó kan káńsẹ́lọ̀ nínú ojú ọjọ́ gbogbo ayé. Kí ó kó gọ́tà, kí ó palẹ̀ ààtàn mọ́, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn ààrẹ.

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣẹ̀ mí rárá, nítorí ohun méjèèjì tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ojú ọjọ́. Oúnjẹ àti ewé tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ààtàn, níbi tí atẹ́gùn kò dé, máa ń tú afẹ́fẹ́ methane jáde. Bí a bá fi ogún ọdún wọ̀n ọ́n, agbára methane láti mú ayé gbóná fi nǹkan bí ìlọ́po 80 ju ti carbon dioxide lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lójú òfuurufú: nǹkan bí ọdún méjìlá ni ó ń lò níbẹ̀, nígbà tí púpọ̀ nínú carbon dioxide ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìdí nìyí tí àǹfààní iṣẹ́ tí a bá ṣe lórí ààtàn fi máa ń tètè hàn. Ìlú Milan ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àjẹkù oúnjẹ lọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ní ọdún 2012, ó sì ti kárí gbogbo ìlú ní ọdún 2014. Iṣẹ́ ìjọba ìlú ni; kò sí ààrẹ kankan nínú rẹ̀.

Ní ti gọ́tà, bí ooru ayé bá fi ìwọ̀n Celsius kan lé sí i, afẹ́fẹ́ lè gba omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òjò ńlá a sì túbọ̀ le sí i. Àwọn tó gbẹ́ gọ́tà àtijọ́ fi òjò àtijọ́ ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ tó kó gọ́tà mọ́ tónítóní láìwádìí bóyá ó ṣì fẹ̀ tó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ni. Mímúra de ohun tó ti ń dé yìí yàtọ̀ sí dídín èéfín kù, ìròyìn tó bá sì sọ ọ̀kan láìsọ èkejì kò pé.

Ìbéèrè: Aṣojú wa jẹ́wọ́ pé ọwọ́ àwọn kò ní tẹ àfojúsùn tí wọ́n dá ọjọ́ sí. Àwọn alátakò rẹ̀ ní kí ó fi ipò sílẹ̀. Kí ni èrò yín?

Ìdáhùn: Ó kù sọ́wọ́ àlàyé tí ó ṣe. Ìlú Copenhagen ní Denmark pinnu ní ọdún 2012 pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025, ìlú náà kò ní máa fi kún carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n jáde sọ pé kò ní ṣeé ṣe, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ń jó ìdọ̀tí níbẹ̀ kò yege fún owó ìjọba tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa mú èéfín rẹ̀ pa mọ́. Síbẹ̀, èéfín ìlú náà ti dín kù ju ìdajì lọ sí ti ọdún 2005. Èmi kò ní ní kí ẹni tó ṣe irú èyí lọ sílé. Ẹni tí n kò ní dárí jì ni ẹni tó yí ọdún náà padà láàárín ìwé ìròyìn kan sí èkejì láìsọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má da ìwé ti èṣí nù.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé ooru ayé ti lé kọjá ìwọ̀n Celsius 1.5 tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Paris pé àwọn yóò sapá kí ó má kọjá. Kí ni ìwúlò ìròyìn káńsẹ́lọ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́ sọ pé ọdún 2024 gbóná ju ti àárín ọdún 1850 sí 1900 lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 1.55. Ṣùgbọ́n àdéhùn Paris ti ọdún 2015 kò sọ̀rọ̀ lórí ọdún kan ṣoṣo. Ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń wò. Bí ìpíndọ́gba náà bá tilẹ̀ kọjá 1.5, ìyà ìwọ̀n 1.7 kò tó ti 2.5.

Ìbéèrè: Ní ìpàdé ìta gbangba tó ń bọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń gbà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n bi káńsẹ́lọ̀ wa?

Ìdáhùn: Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ó ṣèlérí nínú ìròyìn rẹ̀, kí ẹ ní kí ó fi ìlà tí owó rẹ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ hàn yín. Kí ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì náà o, torí lẹ́yìn ìyẹn àlàyé nìkan ni ẹ ó máa gbọ́. Bí ó bá ní òun yóò lọ wádìí, ẹ gba ọjọ́ tí yóò mú ìdáhùn wá lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì ní kí akọ̀wé ìpàdé kọ ọ́ sílẹ̀.