Ṣéènì ń fò, fọ́ọ̀kì ń dún: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ lára kẹ̀kẹ́ mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè. Táyà 26 ló ní, gíà mẹ́ta níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn, bíréèkì dísìkì ọlọ́ìlì. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń gbéra láti Mọ́níyà wọ àwọn ọ̀nà oko Akínyẹlé, bíi kìlómítà 25 ní àlọ àti àbọ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, tí mo bá ń gun òkè, ṣéènì á fò, pẹ́dà á sì já wálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Gíà tó fúyẹ́ jù lọ lẹ́yìn kì í wọlé dáadáa, nǹkan sì ń ha sípóòkù níbẹ̀. Fọ́ọ̀kì iwájú ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí túùbù mi má jò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra fọ́ọ̀kì tuntun àti gíà 1×12 (ẹyọ kan níwájú, méjìlá lẹ́yìn), àmọ́ owó ọwọ́ mi ò ká méjèèjì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Kìlógíráàmù 78 ni mo wọ̀n, ọmọ ọdún 26 ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ bí wọ́n ṣe ń tú pẹ́dà òsì. Mo ti fi sípánà bá a jà títí, kò gbà.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má tíì ra ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yìí, ṣéènì nìkan ló jọ pé ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ, bóyá pẹ̀lú cassette, ìyẹn àkójọ eyín gíà ẹ̀yìn. Ìyókù, àtúnṣe ni, kì í ṣe ìrajà.

Gíà tó ń ha sípóòkù yẹn ni kí o kọ́kọ́ mójú tó. Má gun òkè kankan lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ títí o fi yanjú ẹ̀. Ohun tó ń ha yẹn ni derailleur, apá kékeré tó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn, tó ní ike yíyí méjì tí ṣéènì ń gbà kọjá. Tí sípóòkù bá fà á wọlé lójijì nígbà tí o ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà, yóò ká derailleur, yóò já sípóòkù, yóò sì so ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pa. Mo lè fi nǹkan ta á pé kẹ̀kẹ́ rẹ ti ṣubú sápá ọ̀tún rí, bóyá kódà kí o tó rà á. Tó bá ti ṣubú bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí derailleur so mọ́, tí à ń pè ní hanger, ló máa ń tẹ̀.

Dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kí o fi ojú kan wò ó bí bíríkìlà ṣe ń wo ògiri. Ó yẹ kí ike méjèèjì to lórí ara wọn tààrà lábẹ́ eyín tí ṣéènì wà. Tí ti ìsàlẹ̀ bá yẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ táyà, hanger ti tẹ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí kò bá sí, ọgbọ́n kan wà tí àwa oníṣẹ́ ń dá. Tú derailleur kúrò. Yá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ, irú èyí tó ní quick release (ọwọ́ kékeré tí a fi ń tú u láìlo sípánà), kí o fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú, ìyẹn ìlà lílọ́, tó wà lára àásì (ọ̀pá àárín) ẹsẹ̀ yẹn bá ihò hanger mu, mílímítà 10 ni àwọn méjèèjì. Fi ọwọ́ lásán yí àásì náà wọ inú hanger. Bí ó bá kọ̀, má fi ipá mú un. Bí ó bá wọlé, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì. Wá fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín rímù méjèèjì: lókè, nísàlẹ̀, níwájú, lẹ́yìn. Ibi tó bá fún ju ibòmíràn lọ, di ẹsẹ̀ tí o yá mú níbẹ̀, kí o rọra fà á síta, títí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi dọ́gba. Rọra ni mo wí o. Hanger aluminiọ̀mù lè gbà kí o tẹ̀ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì ó lè kán sí ọ lọ́wọ́. Wá òmíràn tọ́jú sínú àpò, kí o sì mú ti ara kẹ̀kẹ́ rẹ dání lọ sí ìsọ̀, torí oríṣiríṣi ni wọ́n, ti ẹnì kan kì í sábà bá ti ẹlòmíràn mu.

Lẹ́yìn tí o bá ti tọ́ ọ, wá sikúrúù kékeré tí wọ́n kọ L sí lára derailleur. Òun ni ààlà rẹ̀ níhà sípóòkù. Tí o bá yí i sápá ọ̀tún, derailleur ò ní lè wọlé jù bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí ṣéènì bá ń lọ́ra láti gun eyín ńlá, yí ọrùn oníke tí wáyà gíà gbà wọlé sápá òsì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kí wáyà lè le sí i díẹ̀, kí o tún dán an wò.

Ó wá kan ṣéènì. Mú rúlà onírin. Téépù télọ̀ ò dára fún un, aṣọ ni, ó ń fà. Fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà díẹ̀ kí ṣéènì òkè lè le, gbé odo rúlà sí àárín ìṣó kan, kí o wá ka ìṣó 24 síwájú láìka èyí tí o ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìṣó kan sí èkejì, ààbọ̀ íǹṣì ni, nítorí náà ìṣó kẹrìnlélógún gbọ́dọ̀ bọ́ sórí íǹṣì 12 gẹ́lẹ́. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì kọjá, ṣéènì ti ń gbó, tètè pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kọjá, ó ti kó bá cassette. Ṣéènì tuntun lórí cassette tó ti gbó á máa fò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni, àwọn èèyàn á sì máa bú ẹni tó ta ṣéènì fún wọn. Pẹ̀lú oṣù mẹ́ta tí tìrẹ ti ń fò, mo fura pé àwọn méjèèjì lo máa rà pọ̀.

Ṣéènì kì í nà bíi rọ́bà o. Ìdí ìṣó rẹ̀ ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tí ihò ń fẹ̀ sí i. Ohun tó ń tètè jẹ ẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa ni erùpẹ̀ pupa, pàápàá lásìkò ọyẹ́, pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ́ńjìn dúdú tí àwọn kan máa ń bù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́tò dà lé e. Erùpẹ̀ àti ọ́ìlì tó bá pò pọ̀, òkúta ìpọ́nbẹ ló dà yẹn. Fi àkísà nu ṣéènì, kán ọ́ìlì ẹyọ kan sí ìdí rólà kọ̀ọ̀kan, yí pẹ́dà sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ara rẹ̀ níta. Ọ́ìlì tí ojú ń rí lára ṣéènì, erùpẹ̀ nìkan ló ń pè. Kí o tún máa yí gíà kí o tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n lórí pẹ́dà kó tó yí gíà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń já ṣéènì.

Fọ́ọ̀kì tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, mi ò rò pé fọ́ọ̀kì ni. Yí hándù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pátápátá, di bíréèkì iwájú mú, fi ìka ọwọ́ kejì kan ibi tí orí fírémù ti pàdé fọ́ọ̀kì, kí o ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Bí ìka rẹ bá gbọ́ pé nǹkan ń mì níbẹ̀, headset, ìyẹn bẹ́árìn tí fọ́ọ̀kì fi ń yí nínú fírémù, ló tú. Lọ́pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìsinsìnyí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni iṣẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú álẹ́ǹ kì. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á kàn máa le sikúrúù òkè. Àwọn bóòtì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ stem, irin tó so hándù mọ́ fọ́ọ̀kì, ni kí o kọ́kọ́ dẹ̀, lẹ́yìn náà kí o le ti òkè díẹ̀díẹ̀ títí ìró á fi dákẹ́, ṣùgbọ́n tí hándù á ṣì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Tọ́ hándù kó bá ẹsẹ̀ iwájú gún, kí o wá le ti ẹ̀gbẹ́ padà. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá fọ́ọ̀kì ti ń wọ ara wọn, lo ti gbọ́ ọ, a jẹ́ pé fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló gbó. Kódà nígbà yẹn, ronú dáadáa. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì tuntun tó dára lónìí, ẹsẹ̀ 27.5 tàbí 29 ni wọ́n ṣe é fún, ọrùn wọn nípọn nísàlẹ̀, àásì wọn sì jẹ́ mílímítà 15. Kò ní wọlé sínú fírémù tìrẹ. Èyí tó bá wọlé lè wọ́n ju gbogbo kẹ̀kẹ́ náà lọ.

Gíà 1×12 náà, bákan náà lọ̀rọ̀ rí. Púpọ̀ nínú wọn ló ń béèrè họ́bù (àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́) tó yàtọ̀ sí tìrẹ, pẹ̀lú derailleur, ṣíftà (ohun tí a fi ń yí gíà lórí hándù), ṣéènì àti cassette tuntun. Tó bá jẹ́ pé gíà iwájú mẹ́ta ló sú ọ, tí họ́bù rẹ sì jẹ́ ti cassette lóòótọ́, kì í ṣe ti firíwíìlì onílọ́ tí gbogbo eyín rẹ̀ ń lọ́ mọ́ họ́bù lódidi, ọ̀nà tó rọrùn wà. Cassette gíà mẹ́sàn-án ń wọ orí họ́bù tí ti mẹ́jọ wà. Fi eyín 11 sí 34 síbẹ̀, ṣéènì àti ṣíftà mẹ́sàn-án, eyín 32 kan ṣoṣo níwájú, irú èyí tí eyín rẹ̀ ń nípọn, ń tín-ín-rín, tó máa ń di ṣéènì mú. Tí derailleur rẹ bá jẹ́ ti Shimano ọlọ́rùn gígùn tó gba eyín 34, yóò ṣiṣẹ́. Má ra derailleur Shimano onígíà mẹ́wàá ti kẹ̀kẹ́ òkè mọ́ ṣíftà mẹ́sàn-án o, bí wọ́n ṣe ń fa wáyà yàtọ̀ síra.

Ní ti túùbù, wo ojú ibi tó jò. Ojú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ibi tí ejò ti bu ènìyàn jẹ, rímù ló fún túùbù mọ́ òkúta, afẹ́fẹ́ rẹ kéré jù. Ojú kan ṣoṣo, ẹ̀gún ni, ó sì lè ṣì wà nínú táyà, nítorí náà fi ìka yí inú rẹ̀ ká pẹ̀lú sùúrù. Ìwọ̀n ara rẹ àti táyà 2.1 onítúùbù, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 28 psi níwájú, 32 lẹ́yìn, kí o sì ní géèjì tìrẹ. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà á fọn ọ́n dé 60 tí wọn ò bá rí ẹni kọ̀ fún wọn, kẹ̀kẹ́ á wá máa fò lórí òkúta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Tí o bá fẹ́ ra táyà tuntun, èyí tó yẹ kí o rà kí o tó ronú fọ́ọ̀kì rárá, wo nọ́ńbà kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 559 ni tìrẹ. Táyà 26 × 1⅜ wà lọ́jà tí wọ́n kọ 26 sí gàgàrà, àmọ́ 590 ni. Kò ní gbé lórí rímù rẹ láyé.

O ò béèrè nípa bíréèkì, ṣùgbọ́n ọlọ́ìlì lo ní, mi ò lè dákẹ́. Oníbàárà kan gbé kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mineral oil ni bíréèkì rẹ̀ ń lò bíi ti Shimano, kò sì sí èyí nílé. Mo bá da ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò sí i. Lọ́jọ́ yẹn ó mú dáadáa. Kò pẹ́ tí rọ́bà inú rẹ̀ fi wú, tí bíréèkì ò padà sẹ́yìn mọ́. Èmi ni mo ra òmíràn fún un. Ka ìdérí ìgò kékeré tó wà lára hándù: tí wọ́n bá kọ mineral síbẹ̀, mineral ni, tí wọ́n bá kọ DOT, irú ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò, DOT ni. Má sì jẹ́ kí ọ́ìlì ṣéènì ta sórí dísìkì.

Eré orí òkè ló kọ́ àwọn èèyàn ní gbogbo èyí. Ní Kalifọ́níà lọ́dún 1976, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà kan nítòsí òkè Tamalpais. Bíréèkì inú họ́bù wọn á gbóná débi pé gírísì á jó dànù, wọ́n á tún kó òmíràn sí i kí wọ́n tó lè sọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti gba orúkọ Repack, ìyẹn “tún un kó”. Lọ́dún 1977 ni Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fírémù tuntun fún iṣẹ́ yẹn. Ohun tó bà jẹ́ lọ́nà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pààrọ̀ nǹkan.

Nítorí náà, hanger lọ́sẹ̀ yìí, ṣéènì lẹ́yìn rẹ̀, headset, afẹ́fẹ́ táyà. Gùn ún fún Sátidé mẹ́rin. Ohun tó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn ìyẹn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, àá mọ ohun tí a máa fi owó rẹ rà.

Pẹ́dà òsì: òwú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo bóòtì yòókù. Dojú kọ ọ́ láti ìta, kí o yí sípánà sápá ọ̀tún, bí ẹni fẹ́ le e. Tí ó bá ṣì kọ̀, kán ọ́ìlì sí ìdí òwú, fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí o wá fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà. Gírísì díẹ̀ sí òwú náà nígbà tí o bá ń dá a padà.