Ṣóńṣó méjì lórí ìlà DSC: ẹ má tíì pè é ní àdàlù

Ẹ má tíì dá ẹrù yẹn padà. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi, ẹ gbé horo PET (ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi) sínú DSC, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tí nǹkan ń gbà bó ṣe ń gbóná, ẹ mú un gbóná ní 10°C ní ìṣẹ́jú kan, ibi tó ti ń yọ́ lórí ìlà tí ẹ̀rọ yà sì yọ ṣóńṣó méjì: kékeré ní 235°C, ńlá ní 253°C. Ọ̀gá yín wá ní ẹni tó tà á fún yín ti bu nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò fẹnu sọ ọ́ lásán o. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo buwọ́ lù ú, wọ́n sì dá odidi ọkọ̀ ẹrù kan padà nítorí ọ̀rọ̀ mi. Ẹrù náà mọ́ tónítóní. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Mo ti gbà lọ́kàn mi pé pọ́límà, irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ike, ń yọ́ bí irin ṣe ń yọ́. Indium, irin tí a fi ń yẹ ojú ẹ̀rọ wò, 156.6°C ló ti ń yọ́ ní tiẹ̀, yálà ẹ sáré mú un tutù tẹ́lẹ̀ ni tàbí ẹ rọra ṣe é. Ti pọ́límà yàtọ̀. Okùn mólékù rẹ̀ gùn débi pé kò lè tò tán. Apá kan á ṣẹ́po lọ, á ṣẹ́po bọ̀, á di pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní lamẹ́là. Ìyókù á lọ́ pọ̀ láàárín pẹlẹbẹ kan sí èkejì bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Láti 1957, nígbà tí Andrew Keller ṣàlàyé pé okùn polyethylene (ike ọ̀rá) ń ṣẹ́po báyìí nínú kírísítálì, ìyẹn ibi tí okùn ti tò létòlétò, la ti mọ̀ pé pẹlẹbẹ náà kì í nípọn, nǹkan bíi nánómítà 10 péré, bẹ́ẹ̀ okùn tó wà nínú rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po.

Bó ṣe nípọn tó ló ń sọ ibi tó ti máa yọ́. Ojú pẹlẹbẹ, níbi tí okùn ti ń ṣẹ́rí padà, kò fara rọ rárá. Bí pẹlẹbẹ bá fẹ́lẹ́, ojú tí kò fara rọ yìí ló gba ìpín ńlá nínú rẹ̀, ooru tó kéré ló sì máa tú u ká. Ohun tí ìṣirò Gibbs–Thomson ń wí nìyẹn. Ìdí rèé tí HDPE, oríṣi polyethylene tó le, fi ń yọ́ ní nǹkan bíi 130 sí 135°C, nígbà tó jẹ́ pé bí kírísítálì rẹ̀ bá nípọn láìlópin, yóò dé nǹkan bíi 141°C.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ kékeré inú ẹ̀rọ yẹn. Lamẹ́là tó fẹ́lẹ́ kọ́kọ́ yọ́. Àmọ́ ooru ibẹ̀ kò tíì tó èyí tó lè tú lamẹ́là tó nípọn ká, nítorí náà okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ yìí tún to ara rẹ̀, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì wá yọ́ lẹ́ẹ̀kejì lókè. Ẹ̀rọ yẹn ń se ohun tó ń wọ̀n!

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ gé ègé tuntun mẹ́rin lára ẹrù kan náà, ẹ mú wọn gbóná ní 5, 10, 20 àti 40°C ní ìṣẹ́jú kan. Bí ṣóńṣó òkè bá ń kéré sí i bí ẹ ṣe ń yára sí i, àtúntò ló bí i: eré náà kò jẹ́ kí okùn ráyè tò. Bí ìpín méjèèjì kò bá yí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù púpọ̀ sínú abọ́ o. Mo ti lo mílígíráàmù 18 rí ní 40°C ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìlà wú bí ẹsẹ̀ aláìsàn. Mílígíráàmù 3 sí 5 tó, kí ẹ sì fi indium yẹ ẹ̀rọ wò ní ìyára kọ̀ọ̀kan.

235 tiyín yẹn tiẹ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀. PET tó bá jókòó fún wákàtí mélòó kan nínú ooru máa ń tọ́jú ìrántí rẹ̀: ṣóńṣó kékeré kan á yọ ní nǹkan bíi 10 sí 20°C lókè ibi tó jókòó sí. Horo tí wọ́n ń fi ṣe ìgò máa ń gba irú ooru bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń kọjá 200°C, kí wọ́n tó kó o sínú àpò. Ohun tó wà nínú ẹrù tí mo dá padà nìyẹn. Bó bá jẹ́ àdàlù ni, kí ni wọ́n fẹ́ bù sí i? PBT, ike tó jọ PET, ń yọ́ ní nǹkan bíi 223°C, náílọ́ọ̀nù 6 ní 220°C. Kò sí èyí tó bá 235 mu.

Mi ò ní ṣóńṣó méjì kò lè jẹ́ nǹkan gidi. PP (polypropylene, ike mìíràn) lè ní oríṣi kírísítálì méjì nínú ẹrù kan ṣoṣo, beta tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 150°C àti alpha ní 165°C, láìsí ohun àjèjì kankan níbẹ̀. Polybutene-1, òun náà ike ni, tiẹ̀ burú jù: ẹ wọ̀n ọ́n lónìí, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá lórí tábìlì, kírísítálì rẹ̀ ti yí padà fúnra rẹ̀.

Ìgbóná kejì, ìyẹn kí ẹ mú ègé kan náà tutù nínú ẹ̀rọ kí ẹ tún mú un gbóná, náà ń ranni lọ́wọ́, torí ó ń pa ìtàn ẹrù rẹ́. Àmọ́ ẹ má dá a gbẹ́kẹ̀ lé, PET tó tutù nínú ẹ̀rọ náà lè yọ ṣóńṣó méjì.

Ẹ fi ìlà 5 àti ti 40 sórí àwòrán kan náà, kí ẹ fi han ọ̀gá yín. Kí ẹ wá kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kí ẹ bi í léèrè ìwọ̀n ooru tí horo náà jókòó sí, àti fún wákàtí mélòó. Lẹ́tà tó yẹ kí èmi kọ nígbà yẹn nìyẹn.